Lẹ́yìn Ẹ̀fà, Èje Ni

Àwọn àgbà ló ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ tó nídìí ni wọ́n fi ń bá wí: àìsàn tó gba oògùn títí tí kò lọ, ìjà ìdílé tí gbogbo èèyàn ń pè ní ìjà ilẹ̀, tó sì jẹ́ pé ilẹ̀ kọ́ ló bí i. Kọ̀ǹpútà ò sí lọ́kàn wọn. Àmọ́ kí èèyàn rìn láti Ìkòtún dé Ìgàndò lónìí, kó yà sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé tí wọ́n sì ń ṣe fọ́tókọ́pì, kó bá kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan níbẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀, tí kò tan. Òwe náà ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, tàbí ohun tó jọ ọ́. “Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán.” “Fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i.” “Àtọjọ́ tí màmá ìsàlẹ̀ yẹn ti wá tẹ ìwé àdéhùn ilé níbí ni.”

Ojú lásán ni. Wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ ló yọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ká Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìkòtún àti Ìgàndò wà, lára ju ibi púpọ̀ lọ. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 síbẹ̀, ìyẹn ló fi pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó. Ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ní iye náà kéré, pé wọ́n ju mílíọ̀nù méjì lọ. Èrò tó tó bẹ́ẹ̀ kì í yé tẹ̀wé: ìwé ìpè ìgbéyàwó, ètò ìsìnkú, lẹ́tà ìbínú sí lańlọ́ọ̀dù, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LASU tí wọ́n ń gbé Ìgàndò. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, orí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, èyí tí ọ́fíìsì kan nílùú òyìnbó ti lò gbó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ̀rọ yìí, bó ti wù kó gbó tó, ó ní ìwà kan tí kì í fi sílẹ̀: kó tó ṣe ohunkóhun, yóò kọ́kọ́ ka ara rẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ló ti rí láti ìgbà tí IBM ti gbé PC rẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1981. Iná á wọlé. Ọpọlọ ẹ̀rọ á jí. Á wo RAM tó fi ń rántí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, á wo ohun tó ń gbé àwòrán jáde, á wo kíbọ́ọ̀dù. Á wá dísíìkì rẹ̀ rí. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó pe Windows. Bó bá kọsẹ̀ ní ẹ̀kẹta, kò ní dé ẹ̀kẹrin. Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ òwe, kíkà ló mọ̀. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, èje ló wà lẹ́yìn ẹ̀fà, kò sì sí ẹni tó fara pamọ́ síbẹ̀.

Àmọ́ ta ló ń kà? Ẹnjiníà àdúgbò dé, ó gbé fílááṣì kọ́rùn, Windows oríṣi mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Kò bèèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kò fọwọ́ kan wáyà. “Màdáámù, àfi ká fọ́ọ̀mátì ẹ̀.” Ẹni tó dá lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń fún ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí yẹn o. Nígbà tí yóò fi ṣe tán, àwòrán ìgbéyàwó àbúrò ti lọ, orí mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ ọlọ́mọ ti lọ, Windows tuntun sì ti jókòó síbẹ̀ tó ń dán. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, kọ̀ǹpútà tún kọ̀, torí ohun tó ń ṣe é kò sí nínú Windows rí. Èyí tí kò tilẹ̀ ṣẹ́jú rárá ńkọ́, tí fọ́ọ̀mátì ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Wọ́n á ní bọ́ọ̀dù ti jó.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti oókan, bó ti yẹ. Iná. Ọwọ́ Ikeja Electric ni iná Alímọ̀ṣọ́ wà láti ìgbà tí ìjọba ti ta àwọn ilé-iṣẹ́ iná ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nẹ́pà náà ni gbogbo ẹnu ṣì ń pè é. Ó yẹ kí iná náà jẹ́ 230 fólítì. Lọ́pọ̀ alẹ́, kì í tó bẹ́ẹ̀. Fáànù kọ̀ǹpútà á yí lẹ́ẹ̀kan, á dúró, oníṣọ́ọ̀bù á sì ní ẹ̀rọ òun ti kú. Bí wọ́n bá gbé e sórí jẹnẹrétọ̀ tàbí dúró di òwúrọ̀, òkú á jí. Mélòó ni wọ́n ti tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù nítorí irú alẹ́ bẹ́ẹ̀?

Bọ́tìnnì pupa tún wà. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀: wọ́n kọ 115 sí apá kan rẹ̀, wọ́n kọ 230 sí apá kejì. Nǹkan bíi 120 fólítì ni iná Amẹ́ríkà, nítorí náà èyí tó bá ti ibẹ̀ bọ̀ lè ṣì wà ní 115. Bàbá kan ra irú rẹ̀, ó gbé e délé ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó pe àwọn ọmọ jọ, wọ́n gbàdúrà lé e lórí, ó ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Gbàà! Èéfín sọ, ilé gbogbo pariwo Jésù. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Àìkú, ọ̀rọ̀ náà ti di ẹ̀rí: ọ̀tá fẹ́ fi iná pa ìdílé kan run, Olúwa kò gbà. Ọ̀tá ọ̀hún ò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ẹnu bírò lásán ni wọn ì bá fi tì í láti 115 sí 230 kí wọ́n tó tanná, wọn ì bá sì lo wákàtí àdúrà náà fún nǹkan mìíràn.

Eruku ọyẹ́ àti ti títì tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí ló ń yọ RAM lẹ́nu. Eruku àti ìpẹtà á bo eyín bàbà tí RAM fi ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà á tan, ojú rẹ̀ á dúdú, á sì máa ké. Igbe náà ní ìtumọ̀, àwọn tó ṣe é ti kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí ilé-iṣẹ́ AMI ṣe BIOS rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń darí kíkà yẹn, á ké kúkúrú lẹ́ẹ̀mẹta bí RAM bá ní ìṣòro; ti Award á ké gígùn lẹ́ẹ̀kan àti kúkúrú lẹ́ẹ̀mejì bó bá jẹ́ káàdì àwòrán ni. Nínú ṣọ́ọ̀bù, “Ó ti tún ń dún bí ọlọ́pàá” ni wọ́n gbọ́ nínú rẹ̀, wọ́n á sì pa á kí oníbàárà má baà sá. Rọ́bà ìpàwérẹ́ tó wà nínú báàgì ọmọ ilé-ìwé, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní kílínà, ni àwọn tó mọṣẹ́ fi ń wo àìsàn yìí sàn: wọ́n á yọ wáyà iná, wọ́n á yọ RAM, wọ́n á fi rọ́bà ra eyín bàbà náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí á fi dán, wọ́n á dá a padà sáyè rẹ̀. (Ẹ̀rọ kan náà ló máa ń sọ pé òun ò rí kíbọ́ọ̀dù kankan, tó tún ní kí wọ́n tẹ F1 kí òun lè máa bá iṣẹ́ lọ. Ìyẹn ò ṣeé fi bírò tàbí rọ́bà wò.)

Èyí tó ń jẹ owó jù lára gbogbo wọn ni bátìrì pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní CR2032, fólítì mẹ́ta péré. Òun ló ń bá aago ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ nígbà tí iná ò bá sí, òun náà ló sì ń tọ́jú àwọn ètò tí BIOS ní láti rántí. Bí kọ̀ǹpútà bá wà lẹ́nu iná, kì í fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan bátìrì yìí. Ìgbà tí iná bá lọ ló ń jẹ ẹ́. Iṣẹ́ tó máa ṣe ní ọ́fíìsì Lọ́ńdọ̀nù àti èyí tó máa ṣe ní Ìdímù kò lè dọ́gba láéláé. Lọ́jọ́ tó bá kú, déètì á padà sí ọdún tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà fi sí i, 1980 lórí òmíràn, 2002 lórí òmíràn. Àwọn ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì á wá kọ̀ láti ṣí, torí ìwé-ẹ̀rí ààbò wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2002. Oníṣọ́ọ̀bù á bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á ra dátà ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, á tún bú ìyẹn náà. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ á gbàgbé ọ̀nà tó ń gbà bá dísíìkì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Windows á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ á di búlúù, á kọ 0x0000007B síta. “Háàdì dísíìkì ti lọ nìyẹn.” Wọ́n á ra òmíràn, tòkunbọ̀ bíi ti àkọ́kọ́, wọ́n á sì sanwó fún ọ̀kan tó ṣeé ṣe kó gbó ju èyí tí wọ́n yọ lọ.

Ti fílááṣì tí oníbàárà gbàgbé sára ẹ̀rọ, ká kàn mẹ́nu bà á ni. BIOS á kọ́kọ́ wá Windows nínú rẹ̀, kò ní rí i, á ní kò sí nǹkan kan. Kí wọ́n yọ ọ́.

Nínú gbogbo èyí, òwe àgbà kò níṣẹ́ kankan láti ṣe. Ibi tó ti níṣẹ́ gan-an ni ẹnikẹ́ni ò ti pa á. Láàárín nǹkan bí ọdún 1999 sí 2007, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà to kápásítọ̀ tí omi inú rẹ̀ kò dára sórí bọ́ọ̀dù wọn. Bó bá pẹ́, orí kápásítọ̀ náà á wú, á ya, omi pupa rẹ́súrẹ́sú á máa ro jáde, ẹ̀rọ á máa kọ̀ láti tan àfi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà. Dell OptiPlex GX270 wà lára àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 2005, Dell ya 300 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún ìṣòro náà. OptiPlex kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti jókòó ní kàfé l'Ékòó. Ẹni tó bá ra èyí tó ti wú nínú, tó wá ń sọ pé àwọn ará ilé ọkọ òun ló rán nǹkan sí òun, kò ṣìnà pátápátá. Lóòótọ́ ni wọ́n rán nǹkan sí i. Àdírẹ́sì ẹni tó rán an ló ṣì.

Ní ọdún 2005 yẹn kan náà, Basel Action Network, ẹgbẹ́ kan tó wà ní Seattle ní Amẹ́ríkà, gbé ìròyìn jáde nípa Èkó: nǹkan bíi kọ̀ǹténà 500 ẹrù ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lóṣooṣù, àwọn tó wà nídìí òwò náà sì sọ fún wọn pé ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lè jẹ́ pàǹtí. Ìwádìí mìíràn tún wáyé lẹ́bùúté Èkó ní 2015 àti 2016, èyí tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel tó wà ní Ìbàdàn jọ ṣe. Wọ́n rí nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún kan, ó kéré tán ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ rárá, inú mọ́tò tòkunbọ̀ ni wọ́n sì kó èyí tó pọ̀ jù sí. Ẹrù Jámánì àti ti Ìlú Ọba ló ṣíwájú. Bẹ́ẹ̀, òfin kan ti wà láti ọdún 2011 lábẹ́ àjọ àyíká NESREA tó ní kí wọ́n má kó èyí tí kò ṣiṣẹ́ wọlé. Ní 2014, ilé-ẹjọ́ kan ní Ìlú Ọba tilẹ̀ rán ọkùnrin kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù 16 nítorí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tó ń kó bọ̀ ní Áfíríkà. Ẹnì kan ṣoṣo nínú omilẹgbẹ.

Kì í ṣe pé kí tòkunbọ̀ má wọlé mọ́ o. Bí kò bá sí i, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù Ìgàndò ì bá má ní kọ̀ǹpútà kankan tí yóò kọ̀ láti tan. Ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín ni pé èèyàn á wádìí àwọn aládùúgbò rẹ̀ títí kan àlejò wọn nítorí ẹ̀rọ tó kú, kò ní wádìí ẹni tó tà á fún un.

Ìjọba náà ní tirẹ̀ tí ó ń tẹ̀ tí kò tan. Láti ìgbà tí Fáṣọlá jẹ́ gómìnà Èkó ni wọ́n ti ní àwọn máa kó ọjà kọ̀ǹpútà Òtìgbà kúrò ní Ìkẹjà lọ sí Katangowa, ní Agbado/Òkè-Odò tó jẹ́ ara Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba tó tẹ̀lé e sọ bẹ́ẹ̀, èyí tó dé lẹ́yìn ìyẹn tún sọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì dámọ̀ràn fọ́ọ̀mátì.

Ẹrù tuntun sì ti ń múra. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dẹ́kun ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún Windows 10. Windows 11 kì í gba ẹ̀rọ tí kò ní ẹ̀yà ààbò TPM 2.0, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2017 kò sì yege. Kọ̀ǹpútà tó ń tan láìṣe wàhálà ni àwọn ọ́fíìsì òyìnbó máa kó síta báyìí, ọjọ́ orí nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn máa dé láìfarapa, àwọn kan á bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á sì tò wọ́n pa pọ̀ sórí tábìlì kan náà.

Ẹni tó bá ń lọ ra nínú rẹ̀ ní Ìyànà-Ìpájà lè ní kí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀, kó wo orí kápásítọ̀ bóyá ó tẹ́jú tàbí ó wú. Kí wọ́n pa á, kí wọ́n yọ wáyà, kí wọ́n tún tàn án lójú rẹ̀. Kó wo déètì tó gbé jáde. Olùtajà á bínú díẹ̀. “Àǹtí, ẹ̀rù ń bà yín jù. Lọ́ńdọ̀nù ló ti bọ̀ tààrà.” Á wá tẹ rìsíìtì: wárántì ọ̀sẹ̀ kan, ọjà tí a bá tà a kì í gbà á padà. Kí oníbàárà yẹ déètì orí ìwé náà wò dáadáa kó tó kúrò níbẹ̀, torí bí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ bá wà lára àwọn tí bátìrì wọn ti kú, wárántì ọ̀hún ti parí láti oṣù kìíní ọdún 2002.