Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi tó Fẹ́ Kí Owó Máa Bọ́ Látojú Ọ̀run

Sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Olórí Oṣó Ilé Wa,

Mo kí gègé rẹ kú iṣẹ́. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí o lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Màmá rẹ ló ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn bàbá tí wọn ò ka ìtàn àròsọ rí láyé wọn ti ń bi ara wọn léèrè pé, “Kí ló ń jẹ́ chittim?” Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti wá di ti gbogbo ẹbí, kò sídìí tí n ó fi dá ọ lóhùn ní kọ̀rọ̀. Gbangba làṣá ń ta.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ra Akata Witch fún ọ, ìwé tí Nnedi Okorafor kọ, tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011. What Sunny Saw in the Flames ni Cassava Republic pè é nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 2013. Mo rò pé ìwé náà á mú ọ jókòó díẹ̀, kí etí màmá rẹ lè sinmi. Àṣé ohun ìjà ni mo rà fún ọ. O kà á tán, o bá gbé ohun mẹ́rin síwájú ìjọba ilé: kí owó máa bọ́ sílẹ̀ nígbàkígbà tí o bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó ń fọ abọ́, kí o lómìnira láti jáde lálẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì bá ọ wí mọ́ pé o ò lè jókòó jẹ́ẹ́, nítorí pé àléébù ẹni ni agbára ẹni.

Kí àwọn tó ń gbọ́ ìjà wa lè mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà ní ṣókí. Ọmọ ọdún méjìlá ni Sunny Nwazue. New York ni wọ́n bí i sí, ìlú Aba ló ń gbé. Àfín ni. Ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù bí nǹkan míì, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán ò jẹ́ kó gbá a bó ṣe wù ú. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, ó tẹjú mọ́ iná àbẹ́là, ó sì rí bí ayé yóò ṣe parẹ́ nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, Orlu, Chichi àti Sasha fi yé e pé ó wà lára àwọn Ènìyàn Ẹkùn, àwọn tí oògùn àti àwámárìídìí wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn àgbà wá ní kí ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ dojú kọ ọkùnrin kan tó ń jí ọmọdé gbé, Black Hat Otokoto.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹjọ́ wa. Òótọ́ ni pé láàárín àwọn Ènìyàn Ẹkùn, owó tí wọ́n ń pè ní chittim máa ń rọ̀ bí òjò bí ẹnìkan bá ti mọ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. O ò parọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n o fo ìdajì òfin náà. Irin ni chittim. Èyí tó tóbi tí wọ́n fi bàbà ṣe ló níyì jù, ti wúrà ló sì kéré jù níye. Bí bàbá rẹ bá tẹ̀ lé ìwé náà ní pípé, ẹ̀gbà wúrà tí o ń tọrọ fún ọjọ́ ìbí rẹ ti di nǹkan yẹpẹrẹ nìyẹn. Kí o ránnu mọ́ ọn!

Ohun míì tí o fò, tí mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà, nìyí. Kò sí ibì kankan tí chittim ti bọ́ fún Sunny nítorí pé ó gba máàkì. Wo ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà dáadáa. Ní ilé ìwé, òun ló kọ àròkọ tó dára jù. Kí ló rí gbà? Olùkọ́ kó pàṣán lé e lọ́wọ́ pé kó na àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di ìjà nígbà tí wọ́n jáde. Máàkì mú ọ̀tá wá, ìmọ̀ mú owó wá. Iṣẹ́ àṣetiléwá tí o dà kọ lára ọ̀rẹ́ rẹ nínú ọkọ̀ ilé ìwé láàárọ̀, tí o sì kọ ọ́ tán láì mọ ohun tí o kọ, eélòó ni kó bọ́ lé e lórí? Bí mo bá jẹ́ ojú ọ̀run, màá gba ṣéńjì padà lọ́wọ́ rẹ.

O tún kọ ọ́ pé Harry Potter ni Okorafor wò kọ ìwé rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ awo, ọmọdé tí kò mọ irú ẹ̀dá tó jẹ́, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, ọ̀tá tó pa ẹbí ẹni: mo gbà pé wọ́n jọ ṣe ọ̀nà kan. Ṣùgbọ́n ronú wo. Nínú ìwé àkọ́kọ́ tí J. K. Rowling gbé jáde ní 1997, Harry kò tíì kọ́ ohunkóhun tí wọ́n fi mú un lọ sí báńkì, tí òkìtì wúrà tí àwọn òbí rẹ̀ fi sílẹ̀ sì ń dúró dè é. Ogún ni. Sunny ò bá kọ́bọ̀ kankan nílẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ jẹ́ Ènìyàn Ẹkùn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ fún un nínú ilé. Gbogbo owó tó ní, orí ara rẹ̀ ló fi pè é wá.

Orúkọ Black Hat Otokoto, ọ̀tá Sunny, kì í ṣe àjèjì sí àwa àgbà. Bi bàbá rẹ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Owerri ní 1996, tí àwọn ará ìlú fi ya sígboro, tí wọ́n ń dáná sun ilé àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣoògùn owó. Otokoto lorúkọ tí gbogbo èèyàn mọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Lọ́dọ̀ wa, bí owó àti oògùn bá ti pàdé nínú gbólóhùn kan, ẹ̀rù ló ń bà wá. Okorafor mú méjèèjì náà, ó sì yí wọn padà: owó ń bọ́ látojú ọ̀run, ẹ̀kọ́ ni ẹbọ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí o bá ní kí owó máa wá láìsí ẹ̀kọ́, wò ó dáadáa kí o mọ ẹni tí ò ń bá ṣẹgbẹ́ nínú ìwé náà.

Ti abọ́, kò gùn. Kòkòrò kan wà nínú ìwé náà tó ń kọ́ ère, tó sì ń bínú bí a ò bá yìn ín. Èyí tó máa ń wá sídìí abọ́ tí ìwọ bá fi sílẹ̀, aáyán ni. Kò tíì kọ́ ère kankan.

Ti ìrìn òru, ihò kọ́kọ́rọ́ ni Sunny ń gbà jáde, ó sì ní láti la afárá tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá, tí abàmì ẹ̀dá ń dúró sí nísàlẹ̀ omi. Ìwọ tó jẹ́ pé wọ́n ní láti sìn ọ́ dé ẹ̀yìnkùlé kí o lè pa jẹnẹrétọ̀! Rántí Sasha pẹ̀lú. Chicago ló ti ṣe ìpáǹle, àwọn òbí rẹ̀ sì rán an wá sí Nàìjíríà kó lè gbọ́ràn. Àwọn ìbátan wa ní Houston àti Peckham mọ ìhàlẹ̀ yẹn dáadáa. Ìwọ tó ti wà ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, ibo la ó wá rán ọ lọ? Mo gbọ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé oko bàbá àgbà.

Ẹ̀kẹrin, ti àléébù, nìkan ni o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí mi, nítorí o kàwé dáadáa níbẹ̀. Lẹ́tà máa ń pòrúru lójú Orlu bó bá ń kàwé, òun náà ló sì ń tú oògùn tí ẹlòmíràn dì. Àfín tí wọ́n fi ń ṣe Sunny yẹ̀yẹ́ ló fi ń rìn láàárín ayé méjì. Ẹni tó kọ ìwé náà mọ ohun tó ń sọ. Eléré ìdárayá ni Okorafor tẹ́lẹ̀, tẹ́níìsì ló máa ń gbá. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́mọ ọdún 19, ó sì jí láì lè gbé ẹsẹ̀. Orí ibùsùn yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn, lẹ́yìn náà ló tún ẹsẹ̀ kọ́. Ta ló sọ fún ọ pé ó jókòó kó máa retí kí agbára dé? Àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà lólùkọ́. Nínú ayé wọn, olórí ilé ìkàwé ni wọ́n ń wárí fún. Kò sí olóṣèlú níbẹ̀, kò sí gbajúmọ̀ orin.

Ìdájọ́ mi rèé. Abọ́ ń bẹ níbẹ̀, ilẹ̀kùn á máa wà ní títì, ṣùgbọ́n n ó bá màmá rẹ sọ̀rọ̀ kó yé pe ẹsẹ̀ tí kò dúró lójú kan ní ìwà burúkú. Ní ti owó, Akata Warrior ti jáde láti 2017, Akata Woman sì tẹ̀ lé e ní 2022. Nínú Akata Warrior, aláǹtakùn ràgàjì kan wà ní Èkó, òyà kan sì ń fò lófuurufú tí àwọn ọmọ náà ń gùn ún. Bẹ́ẹ̀ ni, òyà, irú èyí tí bàbá rẹ máa ń dúró rà lójú ọ̀nà. Kọ lẹ́tà kan sí mi, kí o sọ ohun kan ṣoṣo tí o kò mọ̀ kí o tó ṣí Akata Witch, lọ́rọ̀ ẹnu ara rẹ. Bó bá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, n ó ra méjèèjì fún ọ.

Èmi ni Àǹtí rẹ, tí kì í ṣe oṣó.