Anájà Ìsọlọ̀ àti Mọ́dábọ́ọ̀dù Ọ̀pọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá wà ní Ìsọlọ̀, láti Ire-Àkárí títí dé Ìyànà Ìsọlọ̀, tó lè bá mi du oyè anájà, n kò tíì pàdé rẹ̀. Nítorí ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà kò fi ogún mìíràn sílẹ̀ fún mi ju ẹnu lọ, ẹnu tí mo gbé tẹ̀lé e kiri ọjà Aswani ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun gbogbo nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo fi kọ́ bí a ti í yí ojú sápá kan kí ọlọ́jà lè rò pé ọjà kò wù wá, bí a ti í rìn díẹ̀ kúrò nídìí àtẹ kí wọ́n lè pè wá padà, àti bí a ti í búra pé ẹnì kan ń bẹ lọ́hùn-ún tó ń ta irú rẹ̀ ní ìdajì owó. Bí mo bá ti já ọlọ́jà wálẹ̀ dáadáa, ìyá náà a kì mí pé: “Àkànní, anájà-má-wẹ̀yìn, ọmọ ọlọ́rọ̀ tí í nájà ju òtòṣì lọ, ẹni tó ná ẹja títí ẹja fi fẹ́ padà sínú omi!” Oríkì yìí ń wú mi lórí títí dòní, òun náà ló sì tì mí sínú kòtò tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí.

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Manchester ló fi prọ́sẹ́sọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi, Intel Core i3-8100, ọ̀kan nínú irú èyí tó jáde ní ọdún 2017, tí wọ́n yọ nínú kọ̀ǹpútà tí ọ́fíìsì wọn ń kó dànù. Ó ní kí n wá mọ́dábọ́ọ̀dù tó bá a mu, kí n ra RAM, kéèsì àti páwà sí i, kí n to gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí àwọn ọmọ ilé lè rí nǹkan kàwé sí. Ó tún fi kún un pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, H310 tàbí B360 ni kí ẹ béèrè o. Ẹ má ra H110.” Mo ka ọ̀rọ̀ yìí, mo sì rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí mo kọ́ ní bí a ti í ra ata ló wá ń kọ́ mi lọ́jà yìí?

Àwọn tó mọ̀dí iṣẹ́ yìí, Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà ni wọ́n ń lọ, níbi tí ọjà kọ̀ǹpútà ti kún àdúgbò bámúbámú. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ ti tú okùn ọrùn náírà, tí dọ́là sì fò fẹ̀rẹ̀ gòkè, tòkunbọ̀ pàápàá ti di ohun tí tálákà ń fi ojú jẹ, mo sì gbọ́ pé àwọn ará Ọ̀tígbà kì í fi iye ọjà wọn ṣeré. Ìdí nìyí tí mo fi gba Òṣòdì lọ. Òṣòdì àpéjọ ẹ̀dá, Òṣòdì Òkè, Òṣòdì Ìsàlẹ̀, ibi tí àjèjì ti ń sọnù tí onílé ń ṣìnà! Gómìnà Fáṣọlá kó àwọn ọlọ́jà kúrò lójú títì níbẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, wọ́n sì tún kọ́ ibùdókọ̀ ńláńlá mẹ́ta síbẹ̀ tí wọ́n ṣí ní ọdún 2019, síbẹ̀síbẹ̀ ẹni tó bá ń wá ọjà ọ̀pọ̀ níbẹ̀ kì í pẹ́ rí i. Mo tilẹ̀ gbìyànjú láti ná owó ọkọ̀; kọndọ́kítọ̀ ní kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n lọ fi ẹsẹ̀ mi ná an.

Ní ìhà Bọ́ládé ni mo ti bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó pàtẹ mọ́dábọ́ọ̀dù sórí tábìlì. Ó tẹrí ba, ó kí mi, ó ní:

“Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Jẹnẹréṣọ̀n wo ni prọ́sẹ́sọ̀ yín?”

“Sọ́kẹ́ẹ̀tì 1151 ni,” ni mo fi dá a lóhùn, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà kí wọ́n tó bí i.

“1151 méjì ló wà, Bàbá. H110 yìí, 35,000 náírà; H310 tọ̀hún, 60,000. Ojú kan náà ni wọ́n ní, àmọ́ prọ́sẹ́sọ̀ wọn yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí tiyín ná.”

Mo wò ó, mo mi orí. Ẹ wo bí ọmọ yìí ti mọ ọ̀nà àti ta èyí tó wọ́n fún àgbàlagbà! Mo fi ọwọ́ lé H110, mo ní 15,000. Ó ní kí n má bú òun. Mo yí ojú sí ìdí ẹni tó ń ta bàtà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ mi. Kò pè mí. Mo dín ìrìn mi kù. Kò pè mí. Ìgbà tí mo rìn títí tí mo dé ìdí ìyá olóúnjẹ, tí ìyá náà ń béèrè ohun tí mo fẹ́ jẹ, ni mo fi ẹnu ara mi pe ara mi padà.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọjà náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ní òun yóò ki prọ́sẹ́sọ̀ mi sí i, òun yóò tàn án lójú mi, 2,000 ni owó iṣẹ́ rẹ̀; mo ní kó yọ ọ́. Ó ní irin pẹlẹbẹ tí í dí ẹ̀yìn kéèsì wà níbẹ̀, 1,000 náírà. Mo ní kó yọ ọ́. Ó mú kéèsì jáde, nínú rẹ̀ ni ọ̀rá kékeré kan wà tí àwọn nǹkan onídẹ wẹ́ẹ́rẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́ kún inú rẹ̀. Mo ní kí ni wọ̀nyí? Ó ní ẹsẹ̀ tí mọ́dábọ́ọ̀dù ń dúró lé ni. Mo ní mọ́dábọ́ọ̀dù tí mo rà kò lọ síbì kankan, kó yọ ẹsẹ̀ náà kúrò, kó fi 500 náírà dín owó mi. Nígbà tó kan RAM, ó ní DDR4 ló bá bọ́ọ̀dù náà mu. Mo rí i pé DDR3 ni owó rẹ̀ rọjú, mo sì ṣírò pé láàárín ẹẹ́ta àti ẹẹ́rin, ìyàtọ̀ oókan péré ni. Ọmọ náà dákẹ́, ó di ẹrù mi. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà tí mo ń kọrin bọ̀ wá sílé?

RAM ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Eyín 240 ni DDR3 ní, 288 ni ti DDR4, ibi tí wọ́n sì ti gé ọ̀kan kò bá ti èkejì mu, kí aláìgbọ́n má baà ki ọ̀kan bọ ilé èkejì. Aláìgbọ́n náà ni mo jẹ́, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, mo fi igbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́, títí ìyàwó mi fi yọjú láti ilé ìdáná pé, “Bàbá Bùsọ́lá, ṣé iyán lẹ ń gún ni?” Mo padà lọ pààrọ̀ rẹ̀. N kò ní sọ iye tí mo fi lé e.

Mo wá de mọ́dábọ́ọ̀dù mọ́ irin kéèsì pẹlẹbẹ láìsí ẹsẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì, ó dún kín, ó kú. Ojú òjé tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀dù ló kan irin, tí iná ń gba ibi tí kò yẹ kó gbà, páwà tó ní làákàyè jù mí lọ sì ń pa ara rẹ̀. Ọmọ aládùúgbò wa kan tí í tún fóònù ṣe ló wo inú kéèsì, tó ní, “Dádì, ẹsẹ̀ ẹ̀ dà?” Ó fi ti kéèsì àlòkù kan gbà mí. A tún tẹ̀ ẹ́: fáànù yí, gbogbo ilé hó yèè, ìyàwó mi ti ń bu omi tútù fún ọmọ náà. Ojú tẹlifíṣọ̀n tí a so mọ́ ọn ṣókùnkùn biribiri.

Mo fi ẹ̀sùn kan iná mànàmáná, mo fi kan wáyà, mo sì ń múra láti fi kan ẹni tó wà ní Manchester, kí ọmọ náà tó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀dù. H110 tó jáde ní ọdún 2015, prọ́sẹ́sọ̀ jẹnẹréṣọ̀n kẹfà àti ìkeje ló wà fún. Nígbà tí Intel gbé ìkẹjọ jáde ní 2017, wọ́n fi iye ojú náà sílẹ̀ ní 1151, ṣùgbọ́n wọ́n yí iṣẹ́ àwọn kan padà nínú wọn, H310 tó gbà á kò sì dé àfi ní ọdún 2018. Ó wọlé wẹ́rẹ́, bí kọ́kọ́rọ́ tó wọ ihò ìlẹ̀kùn tí kò sì ṣí i. Ẹni tí kò gbọ́ ti ẹnu ẹga, a ní ẹga ń pàtótó; ẹga ti Bọ́ládé sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi ní èdè Yorùbá tó já gaara.

Èyí tó burú jù ṣì ń bẹ níwájú. Mo rò pé n óò yọ prọ́sẹ́sọ̀ kí n lè dá bọ́ọ̀dù padà. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fi igun já lu àwọn irin tíntìntín tó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tẹ̀. Mo wá abẹ́rẹ́ nínú agolo ìránṣọ ìyàwó mi, mo gbé awò wọ̀, mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí mo ti ń gbé ọ̀kan dìde ni méjì ń dọ̀bálẹ̀.

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ru tèmi padà sí Bọ́ládé. Ọmọkùnrin náà tan iná fóònù rẹ̀ sí i, ó wò ó pẹ́, ó ní, “Bàbá, ẹ ti pa á.” Kò bú mi, kò sì rẹ́rìn-ín, èyí tó dùn mí jù. Mo béèrè H310. Ó ní dọ́là ti tún gòkè, 65,000 ni báyìí. N kò yí ojú, n kò rìn, n kò búra. Mo ní kó pe nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀, mo sì fi owó náà ránṣẹ́ pé pérépéré.

Ìgbà yìí ni ara rẹ̀ wá ń fu. Alert báńkì kò wọlé. Ó fa bọ́ọ̀dù náà sẹ́yìn, ó pe aládùúgbò rẹ̀, ó ń sọ ọ́ sí i létí, ọ̀rọ̀ náà sì dé etí mi, pé bàbá tó fi ìdajì ọjọ́ ná 500 náírà ni kò ná 65,000 yìí, alert òfegè kọ́ nìyẹn? Wọ́n gbé àpótí fún mi, wọ́n ní kí n jókòó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ọ̀kan lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà. Òógùn ń bọ́ lójú èmi àti ọmọ náà, ó ń wo fóònù, ó ń wò mí, títí kò fi lè mú un mọ́ra mọ́.

“Bàbá,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tilẹ̀ ná an díẹ̀, kí ọkàn mi lè balẹ̀.”