Oríkì Ọ̀nà Tóóró Ẹ̀yìn Ọjà Ìkọ̀lé

Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ẹnu yín ki ọba, tí ẹ ti ki ìjòyè, tí ẹ sì ti ki olówó tí kò ta yín lọ́rẹ kọ́bọ̀ rí, ẹ fún mi láyè díẹ̀, nítorí mo ti pọ́n ahọ́n mi lónìí láti ki ẹni tí onírárà kankan kò tíì kì láti ìgbà tí a ti tẹ Ìkọ̀lé dó: èyíinì ni ọ̀nà tóóró tí ó yà kúrò lára títì Ọ̀yẹ́ sí Òmùò, tí ó há sáàárín ilé alámọ̀ kan àti ilé alájà kan, tí ó ń wọ́ lọ bí ejò tí ó jẹun yó, tí ó sì bọ́ sẹ́yìn ọjà láìdágbére fún ẹnikẹ́ni.

Tóóró, ọmọ Àlàfo! Ọmọ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ méjì tí ń figagbága lásìkò òjò! Ìwọ tí ọkọ̀ kò lè wọ̀, tí ọ̀kadà ń wò lókèèrè, tí ẹni tí ó sanra ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ̀ bí ẹni tí ń wọ ilé àna rẹ̀! Ǹ bá pè ọ́ ní Kábíyèsí, ṣùgbọ́n Elékọ̀lé ń bẹ láàfin, ọba méjì kì í sì í gbé ààfin kan; nítorí náà, gba oyè tí ó ṣẹ́ kù: Baálẹ̀ Ewúrẹ́, Ọ̀tún Ìdọ̀tí, Aṣíwájú gbogbo Gọ́tà.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí a ń kì yìí kì í ṣe ará ìsinsìnyí. Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà ń ti ìdákejì Odò Ọya wá kó ẹrú ní apá àríwá Èkìtì, tí Èṣùbíyì, olórí ogun kan, sì kó àwọn tí ogun lé kúrò nílé jọ, tí ó sọ Ayédé di ìlú jagunjagun, ẹni tí ó bá fẹ́ sùn kí ó sì jí, inú odi ni yóò kọ́lé sí. Bí agboolé sì ti ń fara ti agboolé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ń tín-ín-rín sí i, títí ó fi ku ibi tí ẹni tí ó ru iṣu lè gbà kọjá, ṣùgbọ́n tí ẹṣin kò lè yí padà nínú rẹ̀. Ìran irú àwọn ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni Tóóró ti ṣẹ̀ wá. Ogun Kírìjì tí Èkìtì bá Ìbàdàn jà bẹ̀rẹ̀ ní 1877, a tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, 1886, àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká títí di 1893. Lẹ́yìn náà odi wó, òyìnbó dé, títì là gbàràgàdà, lọ́rì sì ń hó lórí rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà tí ó mọ ohun tí ayé ń fẹ́ ni ó fẹ̀ sí i. Ìwọ nìkan ni o yarí, tí o ní bí baba rẹ ti fi ọ́ sílẹ̀ ni o óò wà.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àfi bí ẹni pé onígbèsè ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Àsálà onígbèsè! Olówó jókòó sẹ́nu títì, ó na ẹsẹ̀, ó ń yẹ ojú èrò inú gbogbo ọkọ̀ tí ń ti Ìdó àti Ìfàkì bọ̀ wò. Ẹni tí ó jẹ ẹ́ lówó ti ra ata, ó ti ra ẹja, ó ti gba inú rẹ délé, odó iyán rẹ̀ ti ń dún. (Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀.)

Ta ni kò ní rí ẹwà rẹ? Lápá ọ̀tún, ẹnìkan fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé MÁ TỌ̀ SÍBÍ. Lápá òsì, ìdílé kan kọ ọ́ pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ti àkọ́kọ́, gbogbo ayé ń rú u. Ti èkejì, kò sí ẹni tí ó ní òun fẹ́ rà á. Omi páànù méjèèjì ti wa ìdí ògiri alámọ̀ náà títí òkúta ìpìlẹ̀ fi yọ eyín síta. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Tìrẹ lanu, alángbá wọlé, eku wọlé, òbúkọ náà ti ki orí bọ̀ ọ́ wò. Gọ́tà àárín rẹ dúdú bí aró, ọ̀rá omi tí a ti mu tán ń léfòó lórí rẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, pákó kan ṣoṣo sì ni afárá rẹ̀.

Ní 2011 ni ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, tí a sì fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ti ìmọ̀ ẹ̀rọ sí Ìkọ̀lé. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ bí a ti í la ọ̀nà fún omi ti ń ká ṣòkòtò sókè, ìwé lábíyá, tí wọ́n ń fò ọ́ kọjá. Olùkọ́ tí kì í gba owó oṣù, tí kò sì yanṣẹ́lódì rí! Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá, 1996 tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, gómìnà ń wá, gómìnà ń lọ, kò sí èyí tí ó wá gé ríbọ́nù lẹ́nu rẹ. Èmi kò bá ọ kẹ́dùn. Ọ̀nà tí wọ́n bá ṣí ni í bàjẹ́. Ìwọ tí wọn kò ṣí, kí ni ó kù tí yóò bàjẹ́ lára rẹ?

Gbogbo wa ni à ń gbà ọ́, kò sí ẹni tí í jẹ́wọ́. Ẹni tí ó da omi ìfọṣọ sínú rẹ láàárọ̀ ni í fi aṣọ bo imú nígbà tí ó bá ń bọ̀ lọ́sàn-án. Bí a bá sì ní kí a dáwó tún ọ ṣe, ilé alámọ̀ á ní ilé alájà ni ó ni ọ́, ilé alájà á ní láéláé, ìlú ni ó ni ín.

Mo ti kì ọ́ tán, Tóóró. O kò ta mí lọ́rẹ, mo sì mọ̀ pé o kò ní. Ẹ̀yin tí ẹ óò gba ibẹ̀ délé lálẹ́ òní, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání: pákó orí gọ́tà yẹn ti ṣẹ́ láti ọjọ́ ọjà tí ó kọjá.