Bàbá Onírédíò Tún Ti Dé

Ṣé ẹ ti gbọ́ ti Bàbá Onírédíò ní Koko, àdúgbò wa ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire? Kì í ṣe ẹni tó ń tún rédíò ṣe o. Ìyẹn ò tíì dá tèmi padà láti ọdún tó kọjá, ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Bàbá ará Èjìgbò tó máa ń dé fìlà abetí ajá nínú ooru oṣù kẹta ni mò ń wí, tó máa ń fi àpàlà àti sákárà dá wa lára yá láti ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí ogun tó dé.

Ẹ rántí pé orin zouglou ló gbòde nígbà yẹn. Ta ló fẹ́ gbọ́ Hárúnà Ìṣọ̀lá olórin àpàlà ní Bouaké? Àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Ànàgó ni, àtàwọn Jùlá kan tí wọn ò gbédè wa, àmọ́ tí ẹsẹ̀ wọn gbọ́ agídìgbo dáadáa.

Bí ogun ṣe bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ètò parí. Nígbà tí rédíò ONUCI FM ti àjọ UN bẹ̀rẹ̀ ní 2004, Bàbá lọ aṣọ rẹ̀ dáadáa, ó ní òun ń lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ètò òun. Kò pẹ́ tó fi padà wálé. Ó ní sọ́jà ẹnu ọ̀nà ti ga jù. Àwọn káséètì orin rẹ̀ wá di ará abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú àpò ìrẹsì. Lọ́jọ́ kan ìyàwó rẹ̀ kàn fi ìgbálẹ̀ kan àpò náà ni, Bàbá figbe ta láti balùwẹ̀, ọṣẹ kún ojú rẹ̀.

Àfi bí ọmọọmọ rẹ̀ ṣe fi wáyà tín-ín-rín so ẹ̀rọ káséètì mọ́ fóònù, ó ní íntánẹ́ẹ̀tì ló kù. Bàbá ní, “Òpó rẹ̀ dà?” Ó ń wo àjà.

Ibi tó dùn rèé. Lálẹ́ ọjọ́ tí ètò bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Bàbá wà nínú yàrá, àwa kóra jọ sí àgbàlá, à ń jẹ garba, ìyẹn atíẹ́kẹ́ àti ẹja díndín, oníkálukú ṣí fóònù tirẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé fóònù á kọ́kọ́ kó ohùn díẹ̀ pamọ́ kó tó sọ̀rọ̀, òmíràn á sì lọ́ra ju òmíràn lọ. Bàbá kí Ìyá Aláṣọ. A gbọ́ ọ lójú fèrèsé, Ìyá dáhùn. Fóònù Tàǹtí Alátíẹ́kẹ́ kí i, ó dáhùn. Fóònù Ìyá fúnra rẹ̀ náà kí i. “Bàbá, ó tó gẹ́ẹ́, ẹ ti kí mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta!”

Bàbá gbé Oroki Social Club sí i, èyí tí Hárúnà ṣe ní 1971. Orin ń dùn lọ, káséètì bá há. Bàbá mú báírò, ó ń yí i, ó gbàgbé pé gbohùngbohùn ò tíì kú.

“Ìyá ọmọ mi, bá mi bu omi wá.”

“Ẹ dìde kí ẹ lọ bu ú, ṣé rédíò ti jẹ ẹsẹ̀ yín ni?”

A gbọ́ ọ lójú fèrèsé. A gbọ́ ọ lórí fóònù Tàǹtí. A gbọ́ ọ lórí ti Ìyá Aláṣọ. Ẹ̀rín ò tíì tán lẹ́nu wa tí àbúrò Bàbá fi pè láti Èjìgbò, ó ń béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n òun ti rí omi mu.