Bọ̀ọ̀dá Kóòdù àti Owó Kóló

Bọ̀ọ̀dá Kóòdù, ẹ kú oríire o! Mo gbọ́ pé tẹ́ẹ̀sì tí ẹ fi èdè C kọ ti yege, pé ẹnu yín kò sì padé látàárọ̀.

Láti ìgbà tí Linux 4.6 ti jáde lọ́dún 2016 ni máàpù BPF inú kernel ti lè fún sípíyù kọ̀ọ̀kan ní kóló tirẹ̀. Kò sí ìjà, kò sí pé ẹnì kan ń dúró de ẹnì kan. Ẹni tó bá wá fẹ́ mọ iye owó tó wà nílé ni yóò tú gbogbo kóló, tí yóò ro ó pọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún yín nìyẹn, Bọ̀ọ̀dá. Ìròpọ̀! Ìròpọ̀ ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀!

Sípíyù mẹ́rin, 10 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ní 20 ni àpapọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Int yín gba báìtì 4, ẹ wá la àyè báìtì 16 sílẹ̀. Kernel kì í ná irú ọjà bẹ́ẹ̀ o: báìtì mẹ́jọ-mẹ́jọ ló ń kó kalẹ̀ fún sípíyù kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka 10, ẹ ka òdo, ẹ ka 10, ẹ ka òdo, ẹ palẹ̀ mọ́. Báìtì 16 yòókù ńkọ́? Kernel ti dà á lé àwọn aláìṣẹ̀ lórí nínú mẹ́mọ́rì.

Ẹ ní, “Ó kúkú ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ mi!” Kó má ṣiṣẹ́ kẹ̀, nígbà tó jẹ́ sípíyù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀?

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé àwọn sípíyù tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan lẹ kà. Kernel ń ka tàwọn tó ń sùn mọ́ ọn, àní àwọn tí kò tíì dé pàápàá. libbpf_num_possible_cpus wà níbẹ̀ tí yóò sọ iye wọn, ká ṣáà bi í ni. Àgbà kò sì ní í bèèrè!

Wọ́n ní kí ẹ tún un ṣe. Ẹ tún fi 10 sínú gbogbo rẹ̀, ẹ tú kóló àkọ́kọ́, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin: 40! Ó yege! Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi 1, 2, 4 àti 8 sí i, ká wo ọ̀nà ẹ̀bùrú tí ẹ máa gbà dé 15. Bí ẹ bá sì mú 11 wá, a ò ní í yọ yín lẹ́nu púpọ̀: kóló oní-4 lẹ fò.