Ìkìlọ̀ fún Tọkọtaya Tó Ń Lọ Lá Oyin ní Írẹ́lándì

Ẹ jókòó. Rárá o, ẹ má fẹ̀gbẹ́ kan ara yín bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà kì í wọ etí ọkùnrin tó ń di ọwọ́ ìyàwó mú. Ìyàwó wa, bọ́ síbí. Ìwọ ọmọ àbúrò mi, lọ jókòó sórí àga ẹ̀bá fèrèsé yẹn. Ó dáa.

Mo gbọ́ pé ẹ ń lọ sí Írẹ́lándì. Wọ́n ní họ́nímúùnù ni. Mo ní kí wọ́n tú u fún mi, wọ́n ní oyin àti oṣù ló wà níbẹ̀. Mo wá ń bi ara mi pé oyin tí a gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ ìdána, tí a fi ṣàdúrà, tí gbogbo ilé fi ìka tọ́ wò, ṣé ó ti tán ni? Ìgò méjì ni mo fi owó ara mi rà. Láyé tiwa, ọjọ́ kẹta ìgbéyàwó ni ìyàwó ti ń gbálẹ̀ ilé ọkọ, tí ọkọ ti gba ibi iṣẹ́ lọ. Kò sẹ́ni tó gbé wa lọ síbì kankan, a ò sì kú.

Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí ẹ ti sanwó, ó di dandan kí n kìlọ̀ fún yín nípa ewu tó wà ní ìgbèríko Írẹ́lándì fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni èmi àti màmá yín lò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ní Portlaoise nígbà tó bímọ. Ìlú yẹn ni Rotimi Adebari, ọmọ Òkè-Ọdán, ti jẹ méyọ̀ ní 2007, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ ní Írẹ́lándì. Ọmọ tuntun la torí ẹ̀ lọ. Pé àna wa ń gbé wa káàkiri nínú mọ́tò lópin ọ̀sẹ̀, ìyẹn kì í ṣe fàájì. Ìwádìí ni.

Kí ẹ tó ro ti ìfẹ́, ẹ ro ti físà. Físà London tó wà nínú páspọ́ọ̀tù yín kò wúlò ní Dublin. Ti Schengen náà ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìjọba wọn lọ́tọ̀, físà wọn lọ́tọ̀. Apá àríwá erékùṣù yẹn sì wà lábẹ́ ọba London títí di òní, kò sì sí géètì lójú ọ̀nà tí yóò sọ fún yín pé ẹ ti kọjá ààlà. Bí ẹ bá ṣàdéédé rí i pé máìlì ni wọ́n fi ń ka ọ̀nà, tí kì í ṣe kìlómítà mọ́, ẹ ti wọ ilẹ̀ onílẹ̀ nìyẹn. Ojú ìyàwó nìkan kọ́ ni ọkọ tó ń wakọ̀ máa ń wò.

Ọ̀nà gan-an wá ńkọ́? Apá òsì ni wọ́n ń gbà. Èmi tí mo kọ́ mọ́tò kí Nàìjíríà tó yí sápá ọ̀tún ní 1972, n kò bẹ̀rù ìyẹn. Ẹ̀yin ni kí ẹ bẹ̀rù. Ní ìgbèríko, ọ̀nà mìíràn wà tí kò fẹ̀ ju mọ́tò kan lọ, koríko hù láàárín rẹ̀, ògiri òkúta wà lọ́tùn-ún, ògiri òkúta wà lósì. Àgùntàn tí wọ́n fi ọ̀dà pupa tàbí búlúù sàmì sí lẹ́yìn, kí olówó rẹ̀ lè dá a mọ̀, yóò dúró ságbedeméjì ọ̀nà, yóò máa wò yín bí ẹni tí ẹ jẹ lówó. Bí ẹ bá pàdé mọ́tò mìíràn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn rìn padà. Ibẹ̀ ni ìgbéyàwó ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti rí ìyàwó tó bọ́ sílẹ̀ nínú òjò láti máa júwe ọ̀nà fún ọkọ, mo sì rí ojú tó fi padà wọlé.

Ohun kan tún wà. Awakọ̀ tí ẹ bá pàdé yóò gbé ìka kan ṣoṣo sókè lórí sítíárì. Ìka kan! Ọmọ tí n kò rò pé ó tó ọgbọ̀n ọdún fi ìka kan kí mi, èmi bàbá olórí ewú. Ọjọ́ kẹta ni àna mi tó ṣàlàyé pé ìkíni ni, pé bí ìdọ̀bálẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ tiwọn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìka méjì dá wọn lóhùn, kí n lè bù kún un. Àna mi ní kí n jọ̀ọ́ kí n jáwọ́ níbẹ̀. Kò sọ ìdí.

Ọkọ ìyàwó, tẹ́tí sílẹ̀ níbí, torí ewu tó wà fún ìwọ gan-an ló kàn. Ní Connemara, lápá ìwọ̀-oòrùn, ilé olódi kan wà lẹ́bàá adágún tí wọ́n ń pè ní Kylemore. Dókítà kan láti Manchester, Mitchell Henry, ọmọ olówó, ló gbé ìyàwó rẹ̀ Margaret wá sí agbègbè yẹn fún họ́nímúùnù ní nǹkan bí àádọ́sàn-án ọdún sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀, ìyàwó nawọ́ sí ilé kékeré kan lẹ́sẹ̀ òkè, ó ní ì bá wu òun kí òun máa gbé irú ibẹ̀. Gbólóhùn kan péré! Ní 1867 ọkọ bẹ̀rẹ̀ ilé: yàrá ìbùsùn 33, bálùwẹ̀ 4. Mo gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí ní Mushin, tí a ń fi korobá tò lówùúrọ̀, kò sẹ́ni tó pè é ní ilé olódi.

Ní 1874 wọ́n rìnrìn àjò lọ sí Íjíbítì. Ìgbẹ́ ọ̀rìn kọlu Margaret, ó kú, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ọkọ gbé òkú rẹ̀ padà wá sẹ́bàá adágún yẹn, ó sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìrántí rẹ̀, kékeré ṣùgbọ́n tí wọ́n gbẹ́ òkúta rẹ̀ bí ẹni ń dirun. Nígbà tí tòun náà tó, ẹ̀gbẹ́ ìyàwó ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Àwọn sístà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ lé kúrò ní Belgium ló ni ibẹ̀ láti 1920. Wọ́n ń ṣe ṣokoléètì tà, ó sì dùn, n kò ní purọ́ mọ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Nígbà tí a wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì náà, màmá yín jókòó, kò sọ̀rọ̀. Mo ní kó jẹ́ ká máa lọ, ọmọ ń dúró nídìí mọ́tò. Ó ní, “Gbólóhùn kan ni obìnrin yìí sọ, ọkùnrin yìí sì gbọ́.” Mo rò pé ìtàn ló ń tún sọ.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé bí ẹ bá dé Kylemore, kí o rọra fi ọwọ́ bo ìyàwó lójú títí ẹ ó fi kọjá.

Wọ́n á tún mú yín lọ sí Burren ní Clare, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ kìkì òkúta, tí òdòdó ń yọ láàárín pàlàpálá rẹ̀. Ẹ ó rí òkúta pẹlẹbẹ ńlá kan tó gorí àwọn òkúta tó dúró lóòró, bí àtíbàbà. Poulnabrone ni wọ́n ń pè é. Irú rẹ̀ pọ̀ káàkiri ilẹ̀ yẹn, àwọn ará ibẹ̀ a sì máa pè wọ́n ní ibùsùn Diarmuid àti Gráinne. Ta ni wọ́n? Wọ́n fẹ́ fi ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Gráinne fún Fionn, jagunjagun tó ti dàgbà. Níbi àsè ìgbéyàwó gan-an ni ọmọ yìí ti rí Diarmuid, ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà, ló bá fi èèwọ̀ dè é pé kó gbé òun sá lọ. Ibi tí wọ́n bá sùn lónìí, wọn kì í sùn níbẹ̀ lọ́la, torí Fionn ń bọ̀ lẹ́yìn. Èmi ò dá Fionn lẹ́bi. Ẹni tó ti na owó ìyàwó ló mọ bó ṣe ń dùn ún. Nígbà tí ẹlẹ́dẹ̀ igbó wá gún Diarmuid lórí òkè Ben Bulben, omi tí Fionn bá fi àtẹ́lẹwọ́ bù fún un ni ì bá gbà á là. Fionn bu omi náà, ó jẹ́ kó jò dà nù láàárín ìka. Ẹ rántí ìyẹn nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ rí àgbà fín.

Lóòótọ́, sàréè ni òkúta yẹn, ó ti lé ní 5,000 ọdún. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wú abẹ́ rẹ̀, egungun èèyàn tó ju 30 lọ ni wọ́n bá. Iwájú itẹ́ òkú yìí ni ẹ ó ti máa ya fọ́tò ìfẹ́. Ó yẹ yín.

Ní agbègbè Clare yẹn kan náà, igi ẹlẹ́gùn-ún kan wà ní Latoon, kò ga, kò sì lẹ́wà. Ní 1999 wọ́n fẹ́ la ọ̀nà ńlá gba orí rẹ̀. Eddie Lenihan, apàlọ́ wọn, figbe ta pé ibẹ̀ ni àwọn iwin ti ń péjọ kí wọ́n tó lọ sógun, pé mọ́tò yóò máa pa èèyàn níbẹ̀ bí wọ́n bá gé e. Wọ́n sì yà fún igi náà o! Òyìnbó tó sọ fún bàbá mi pé ìrókò ò ní ẹ̀mí. N kò bínú. Mo kàn ní kí ẹ má ṣe jókòó sídìí igi tó bá dá dúró láàárín pápá, ẹ má sì fẹnu ko ara yín níbẹ̀; àwọn tó ni ibẹ̀ lè má fẹ́ràn ariwo.

Glendalough dára fún ẹni tó bá fẹ́ adágún méjì àti ìdákẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni mímọ́ Kevin tó tẹ ibẹ̀ dó ń sá fún obìnrin ni. Ìtàn ní nígbà tí ọ̀kan tọ̀ ọ́ lọ, ńṣe ló tì í sínú omi. Ẹ yàn án tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Ti Moher ni kí n sọ. Bèbè òkè ni, ó gùn tó kìlómítà 14, ibi tó ga jù níbẹ̀ jẹ́ mítà 214, lẹ́yìn ìyẹn ó di òkun Àtìláńtíìkì. Màmá yín wé gèlè lọ síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun tú u bí ẹni bó ògèdè, a lé e wọ pápá ẹlòmíì, a bá a lórí ògiri òkúta, màlúù kan ń wò ó. Màmá yín rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí n kò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìyẹn kọ́ là ń sọ.

Òjò. Ní apá ìwọ̀-oòrùn yẹn, ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ lọ́dún lé ní 200. Yàrá kékeré ni ẹ ó wà, nílé onílé tó ń gbàlejò, ẹ ó máa wo fèrèsé. Lówùúrọ̀ wọ́n á gbé oúnjẹ wá: ẹyin, sọ́séèjì, àti nǹkan dúdú róbótó kan. Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni. Mo jẹ mẹ́ta kí n tó bèèrè. Bí ọ̀rọ̀ bá wá dé láàárín yín nínú yàrá yẹn, ẹ rántí pé orílẹ̀-èdè tí ẹ wà yẹn, òfin wọn ti 1937 ní ẹni tó bá ṣègbéyàwó kò gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ọdún 1995 ni wọ́n tó dìbò yí i padà, ìbò tó lé díẹ̀ ní 9,000 ló sì là wọ́n, nínú ìbò tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ tó jáde. Ìlú tó le ni. Lálẹ́, ẹ lọ gbọ́ fèrè àti gòjé nílé ọtí, níbi tí ọkùnrin kan yóò ti máa fi igi kúkurú lu ìlù awọ ewúrẹ́. Ẹ má sì ṣe bí ẹni tí kò rí Guinness rí. Ikeja ti ń pọn ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Èmi ò mu. Mo tọ́ ọ wò ni.

Ó ku Blarney, lẹ́bàá Cork. Òkúta kan wà lókè téńté ilé olódi tí wọ́n kọ́ ní 1446. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹnu kò ó yóò di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, nítorí náà mo gun àtẹ̀gùn tóóró yẹn dókè. Wọ́n ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀, kí n di irin méjì mú, kí n na orí sẹ́yìn sí ibi tí kò sí ilẹ̀. Ọkùnrin kan di ìbàdí mi mú. Bí mo ṣe na orí ni agbádá dà bò mí lójú. Títí di òní, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òkúta ni mo fẹnu kò, pé kì í ṣe aṣọ òkè mi. Màmá yín kọ̀, kò gùn ún. Ó ní nínú ilé wa, ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ kọ́ ló ṣọ̀wọ́n, ẹni tí yóò gbọ́ ni.

Ẹ wo ẹnu ọ̀nà yẹn fún mi. Ó ṣì wà ní ìdáná? Ó dáa. Ẹ sún mọ́ mi.

Ní Galway, àdúgbò kan wà lẹ́nu omi tó ń jẹ́ Claddagh, abúlé apẹja ni tẹ́lẹ̀, òrùka kan sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀: ọwọ́ méjì gbá ọkàn mú, adé wà lórí ọkàn náà. Ọwọ́ ni ọ̀rẹ́, ọkàn ni ìfẹ́, adé ni àìyẹsẹ̀. Ọwọ́ òsì ni ẹni tó ti lọ́kọ ń fi í sí, kí ṣóńṣó ọkàn kọjú sí òun fúnra rẹ̀. Màmá yín dúró lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kan, ó ní, “Èyí mà dára o.” Mo bi í pé kí ni ẹni ọdún 66 ń fi òrùka ṣe. Òrùka tí mo fi gbé e níyàwó kò wọ̀ ọ́ mọ́, oríkèé ìka rẹ̀ ti wú. Inú agolo Bournvita ló wà pẹ̀lú bọ́tìnì àti abẹ́rẹ́. Kò dá mi lóhùn. A ń rìn lọ. Ọjọ́ kejì la dé Kylemore.

Ìyàwó wa, gba èyí. Rọra, má jẹ́ kó tú. Òwú ìránṣọ ni. Ibi tí mo ta kókó sí yẹn ni ìwọ̀n rẹ̀. Orí oríkèé gan-an ni mo ti wọ̀n ọ́n, níbi tó wú jù, nígbà tó ń sùn lóru àná. Wúrà ni kí ẹ rà. Owó ẹ̀ wà nínú àpòòwé yìí. Bó bá bi yín léèrè ohun tí mò ń sọ láti àárọ̀, ẹ ní mò ń kìlọ̀ fún yín.

Fi í sápò kíá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń gbọ́ yẹn.