Ọkọ̀ Tísà Tún Ti Figbe Ta

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fa àga yín súnmọ́ mi díẹ̀. Ta ló wà níbí tí kò mọ ọkọ̀ Tísà? Honda Accord tókunbọ̀, aláwọ̀ eérú, irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 2003 sí 2007, tí gbogbo ìgboro ń pè ní End of Discussion. Ẹni tó fún un lórúkọ yẹn kò sùn nílé wa rí. Lójúlé tiwa, aago méjì òru gan-an ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ sì mọ Tísà fúnra ẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ tó ń de táì lọ ra àkàrà. Bó bá ti tilẹ̀kùn ọkọ̀ tán, á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á padà, á fa ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò níkọ̀ọ̀kan, á fa búùtù, á dúró ronú, á tún bẹ̀rẹ̀ látorí ti àkọ́kọ́. Ìyàwó ẹ̀ ní bó ṣe máa ń yẹ gáàsì ìdáná wò lálẹ́ náà nìyẹn. Ẹ má sọ pé èmi ni mo wí o.

Kí ló gbé e dé ìdí fífi áláàmù sọ́kọ̀? Ẹ̀rù ni. Wọ́n lọ ṣe ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Kí wọ́n tó ṣe àmín ìkẹyìn, àwọn kan ti yọ brain box ọkọ̀ ẹnìkan lọ níta. Ẹ mọ brain box, àpótí pẹlẹbẹ tó ń ronú fún ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ọkọ̀ ò ní dá yín lóhùn. Tòun ti kóòtù lọ́rùn ni ẹni ẹlẹ́ni fi gun ọ̀kadà relé.

Tísà ò sì lè fọkàn balẹ̀, torí ó mọ ohun tóun náà ti ṣe. Nígbà tí ọkọ̀ yẹn dé láti Amẹ́ríkà, ó ní ọgbọ́n tiẹ̀. Nǹkan tín-ín-rín kan wà nínú orí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì máa ń dá mọ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ mìíràn bá wọlé, kódà kí wọ́n gbẹ́ ẹ jọra pátápátá, ẹ́ńjìnnì á ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ọgbọ́n yẹn ni wọ́n ń pè ní immobiliser. Ní Bìrìtéènì, láti oṣù kẹwàá ọdún 1998, òfin ni pé kí gbogbo ọkọ̀ tuntun ní in. Amẹ́ríkà ò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, ìyẹn làwọn Kia àti Hyundai kan fi jáde níbẹ̀ láìní in. Nígbà tó di 2021, àwọn ọ̀dọ́mọdé ti ń fi ẹnu wáyà USB yí wọn gbé lọ, wọ́n tún ń ya fídíò rẹ̀ fáráyé wò! Ṣùgbọ́n Honda tiwa yìí ní in. Tísà ló sọ kọ́kọ́rọ́ nù níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ni mẹkáníìkì bá fo ohun náà dá, wọ́n gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ lásán fún un. Ìgbà tí owó ti tán lọ́wọ́ ẹ̀ ni wọ́n rí kọ́kọ́rọ́ òyìnbó nínú àpò agbádá. Àpò inú! Ẹ̀yin ìbá rí ojú ìyàwó ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí? Mi ò tíì débi ẹ̀rín.

Rẹ́wáyà tó bá a fi áláàmù sí i, ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọkùnrin tó máa ń fi wáyà kọ́rùn, tí kì í dárúkọ owó láé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà ṣe mí dáadáa." Ó ní kí Tísà jẹ́ kóun bá a fi súwíìṣì kan pamọ́ sínú ọkọ̀, tí yóò máa gé iná pọ́ǹpù epo. Tísà ní owó ti pọ̀ jù, áláàmù ti tó. Ìyàwó ẹ̀ ò bá a jiyàn. Ó wọlé, ó mú owó àjọ jáde, ó kà á lé rẹ́wáyà lọ́wọ́. Ibi tí súwíìṣì náà wà? Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Áláàmù yìí wá ní sẹ́ńsọ̀, òun ló máa ń mọ̀ bí ara ọkọ̀ bá mì. Èèyàn lè yí i sókè, ó lè yí i wálẹ̀. Tísà ní kí wọ́n yí i dópin. A dáràn! Àrá sán, ó ké. Tírélà kọjá ní títì, ó ké. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù tan jẹnẹrétọ̀, ó ké. Nígbà Kérésì tí àwọn ọmọ ń yin bángà, oorun kúrò nínú ọ̀rọ̀ wa. Ewúrẹ́ Ìyá Onígaàrí ló tún wá burú jù, nítorí abẹ́ ọkọ̀ yẹn ló fi ṣe yàrá. Bó bá ti fi ìwo ha ara lára bọ́ńpà báyìí, ariwo dé.

Ẹ mọ ohùn rẹ̀ náà, orin mẹ́fà tó ń tẹ̀lé ara wọn. Kẹ́hìndé ọmọ Ìyá Ìbejì ti mọ gbogbo rẹ̀ sórí. Lọ́jọ́ kan, ó dúró lẹ́yìn fèrèsé Tísà, ó ké e látòkè délẹ̀. Tísà sáré jáde látinú balùwẹ̀ tọṣẹtọṣẹ, ó ń tẹ rímóòtù. Kẹ́hìndé dákẹ́. Tísà dúpẹ́, ó padà lọ wẹ̀. Ọmọ tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó yá, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, Tísà bú sẹ́rìn-ín, ó fún un ní bisikíìtì. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó ṣíwọ́ dòní.

Àbúrò mi tó wà ní New York ní òfin ìlú àwọn ò gbà kí áláàmù ọkọ̀ ké ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Lọ́dún 2003, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Transportation Alternatives tiẹ̀ gbé ìwé jáde níbẹ̀ pé kí wọ́n fòfin dè é pátápátá, pé ariwo lásán ni. Mo ka èyí sétí Bàbá Lánlọ́ọ̀dù. Wọ́n ní ṣé àwọn ẹgbẹ́ náà lè wá sí Ìbàdàn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá dórí òru ọjọ́ kan. Kò síná, òṣùpá ò yọ. Ọkọ̀ Tísà figbe ta. Ẹ gbọ́ ohun tí ilé wa ṣe: Bàbá Lánlọ́ọ̀dù pòṣé, Ìyá Ìbejì yí ẹ̀gbẹ́ padà, èmi fa aṣọ borí. Tísà fúnra ẹ̀ nawọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó fojú oorun tẹ rímóòtù. Bọ́tìnnì ìṣílẹ̀kùn ló tẹ̀! Pí-pí. Ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀ fún àwọn àlejò òru. Ẹ ò rí i pé onílé gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀?

Ọ̀kan jókòó sídìí sítíárì, ó ń yí ojú kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń kọ́ kì-kì-kì, kò dáná, torí epo ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èkejì bọ́ sẹ́yìn pé kóun tì í, ó sì fi gbogbo ara tẹ ewúrẹ́ lẹ́sẹ̀. Ewúrẹ́ ké "mẹ̀ẹ́ẹ̀!" lẹ́ẹ̀kan péré. Ìyá Onígaàrí, tí sáírínì ò jí, ti dé ìta tòun ti ọmọ orógùn: "Olè o! Wọ́n ń jí ewúrẹ́ mi gbé o!" Kíá, gbogbo ilé ti tú síta. Àwọn olè fo ògiri, wọ́n fi sálúbàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀.

Tísà ló jáde gbẹ̀yìn. Ó rọra dúró ti Ìyá Onígaàrí, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá. Ẹ ṣáà máa so ó mọ́lẹ̀ lálẹ́." Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ẹ̀ sì ṣí kalẹ̀ gbayawu lẹ́yìn ẹ̀! Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un, ẹ̀rín ti pa wá.

Ká ní wọ́n gbé ọkọ̀ yẹn lọ ńkọ́? Ìnṣọ́ránsì third party ló ní, èyí tí wọ́n sọ di ₦15,000 ní January 2023, kì í sì í san kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀ tí wọ́n bá jí. Rẹ́wáyà ti ń gba gbogbo ìyìn káàkiri àdúgbò. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ní wọn ò gbọ́dọ̀ pa ewúrẹ́ yẹn nílé àwọn láéláé.

Bí ẹ bá wá bi mí bóyá kẹ́ ẹ ra áláàmù: bówó bá tó, ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi súwíìṣì pamọ́, kẹ́ ẹ sì ra irin tí wọ́n fi ń de ẹsẹ̀ bíréèkì. Èyí tó ń fi ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ lọ ṣí géètì, áláàmù ò lè ràn án lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n bá yọ ìbọn sí, kó yáa fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá sì ti ní áláàmù nínú yín, bó bá ké, ẹ dìde wò ó kẹ́ ẹ tó tẹ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá rẹ́wáyà kó bá yín yí sẹ́ńsọ̀ wálẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, àwọn ọmọ ti ń tọ́jú owó bángà.